Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Lórí Lọ́rì Àna Mi

Bí mo bá dàgbà dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Nígbà mìíràn mo lè wà níwájú kíláàsì, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kí n ṣàdédé rántí rẹ̀, ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu mi, àwọn ọmọ á sì máa wo ara wọn lójú. Wọn ò mọ̀ pé tíṣà wọn ti fi àyà tẹ odidi lọ́rì fọ́ rí, níwájú àgbà ìjọ méjì àti bàbá ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Tíṣà ni mí ní Olódò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo bọ́ bàtà, iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń ṣe tí ẹnikẹ́ni ò rán mi: mo máa ń ṣe mọ́tò kéékèèké. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọdé ń so okùn mọ́ tí wọ́n ń wọ́ kiri o. Mọ́tò gidi ni mo máa ń wò, màá wọn gígùn rẹ̀, màá wọn fífẹ̀ rẹ̀, màá wá fi páálí, agolo sàdíìnì àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe èyí tó jọ ọ́ bí ìbejì, àfi pé tèmi ò ní ju ìgò mínírà lọ. Ilẹ̀kùn, wípà, dígí ẹ̀gbẹ́, kò sí èyí tí kì í sí níbẹ̀. Mọ́kànlá ló wà lórí pẹpẹ nínú yàrá mi lásìkò tí mò ń sọ yìí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wá. Mo fẹ́ fẹ́ Fúnmi, ọmọ Ìrókò, tí àwa méjèèjì jọ ń kọ́ni níbì kan náà. Bàbá rẹ̀ wa lọ́rì onípákó fún ogójì ọdún, wọ́n ń kó iṣu àti gbágùúdá láti Ìrókò wọ ìgboro Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n di àgbà pàtàkì nínú ìjọ Aládùúrà aláṣọ funfun kan nílùú wọn. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Lọ́jọ́ kan, Fúnmi fi fọ́tò pẹpẹ mi hàn wọ́n lórí fóònù, ó rò pé inú wọn á dùn. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló ni gbogbo ohun ìṣeré yìí? Àbúrò ẹ̀ ni?"

Fúnmi ní, "Rárá, Dádì. Òun gan-an ló ṣe wọ́n. Òun ló ni wọ́n."

Bàbá dá fóònù padà fún un. Wọ́n ní, "Ọkọ ni mo ní kóo mú wá. O wá lọ mú ọmọdé wá fún mi."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ńlá nìyẹn. Fúnmi ti sọ fún mi tipẹ́ pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun ò bá fọwọ́ sí. Òun nìkan lọ́mọbìnrin tí wọ́n bí, kò sì lè fi ẹkún wọn ṣe ẹrù lọ ilé ọkọ. Mi ò bá a jà, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló sọ. Bàbá wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá rí àwọn ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi nìkan. Àwọn fẹ́ wò mí lójú kí àwọn sì bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí ẹbí mi máa bọ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí n kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ.

Ọlọ́gbọ́n èèyàn ì bá kó gbogbo mọ́tò rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó lọ gẹrun, kó sì máa kọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Èmi ńkọ́? Mo ní màá ṣe mọ́tò kan sí i.

Mo ní ìdí, ẹ gbọ́ ọ ná. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ Bàbá, tí Fúnmi ti yà wá fún mi. Bàbá ni nígbà tí irun wọn ṣì dúdú, wọ́n fẹ̀yìn ti lọ́rì wọn, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni pé àwọn ló ni títì. Lórí pákó iwájú lọ́rì náà, lókè dígí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ BÁ MI DÚPẸ́. Fúnmi ní lọ́jọ́ tí wọ́n ta lọ́rì yẹn, bàbá òun ò jẹun, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo wá rò ó pé bí mo bá lè gbé lọ́rì yẹn síwájú wọn, bó ṣe rí gẹ́lẹ́, wọ́n á mọ̀ pé eré kọ́ ni mò ń ṣe.

Ara lọ́rì náà ò yọ mí lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣe é, mo gé agolo, mo lẹ pákó, mo kùn ún ní búlúù. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló di ìṣòro. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju hóró àgbàdo lọ, àmì orí ẹ̀ á sì kéré bí iná orí. Ọwọ́ tèmi ńkọ́? Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń nàwọ́ sókè bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ kọ sójú pátákó yẹn?" Ìgbà náà ni mo rántí mẹ́síìnì ẹ̀gbọ́n mi.

Àǹtí Bọ́lá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àdúgbò kan náà là ń gbé. Káàdì ìpè àti ohun ọ̀ṣọ́ orí kéèkì ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní mẹ́síìnì kan tó jọ èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, ṣùgbọ́n abẹ tín-ín-rín kan ló wà nínú tiẹ̀, kì í ṣe yíǹkì. Wọ́n á ya ohun tí wọ́n fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á lẹ sítíkà mọ́ orí rọ́bà pẹlẹbẹ kan, wọ́n á kì í bọ ẹnu mẹ́síìnì náà, abẹ á sì máa sáré kiri lórí rẹ̀, á gé e bí wọ́n ṣe yà á. Mo ti rí i níbi tó ti gé labalábá tó wẹ́ bí ewé ẹ̀fọ́. Mo ní, ta ló tún ń wá ọwọ́ tó dáa kiri?

Oṣù kẹwàá ni, òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà ní ìsinmi. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí ń lọ sí Akanran láti lọ to ohun ọ̀ṣọ́ sórí kéèkì oníbàárà kan. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì na ìka mẹ́ta sí mi lójú. "Má fọwọ́ kan sítíkà góòlù mi, ti kéèkì ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni. Má yí abẹ yẹn kúrò níbi tí mo fi í sí. Má sì gbé mẹ́síìnì kúrò lórí tábìlì yìí. Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí mi. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, mo ti rú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ra sítíkà aláwọ̀ yẹ́lò kan wá, abala kan ṣoṣo. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ bọ́tìnnì, mẹ́síìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, inú mi ń dùn. Ìgbà tó yọ ọ́ jáde, lẹ́tà Ẹ kan ṣoṣo ni mo rí, ó tóbi tó àwo ìjẹun. Mo ti gbàgbé láti dín in kù. Èyí tí mo gé, lọ́rì gidi ló yẹ ẹ́. Bí sítíkà tèmi ṣe tán nìyẹn. Mo yíjú sí ọ̀tún, mo yíjú sí òsì, mo wo sítíkà góòlù Àǹtí níbi tí wọ́n ká a sí. Mo ní díẹ̀ báyìí ni màá gé létí rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Sítíkà góòlù yẹn wá ki bí awọ. Abẹ ń sáré lórí rẹ̀, kò gé nǹkan kan, ó kàn ń họ ọ́. Mo bá yí abẹ náà wálẹ̀ díẹ̀. Kò gé e. Mo tún yí i. Ìgbà kẹta tí mo yí i, mẹ́síìnì ké "gíríkí!" bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó gé sítíkà, ó gé ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gé rọ́bà abẹ́ rẹ̀ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Rọ́bà tí Àǹtí ń tọ́jú bí ojú! Mo dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo ń wò ó, ó ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo dúró sí náà ni wọ́n ti mú iná lọ.

Ẹlòmíràn á gbà pé Ọlọ́run ń bá òun sọ̀rọ̀. Èmi rántí pé sólà wà nílé tí mò ń gbé, mo bá gbé mẹ́síìnì nínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mọ́yà, mo fi náílọ́ọ̀nù bò wọ́n nítorí òjò, mo sì ń sáré lọ láàárín àdúgbò bí olè. Mo dé yàrá mi, mo rí rọ́bà ògbólógbòó kan tí Àǹtí ti jù sílẹ̀ nínú àpò mẹ́síìnì, mo lò ó, mo dín lẹ́tà kù, mo fi sùúrù tún abẹ tò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gé e. Ó gé e dáadáa! Gbogbo lẹ́tà pé, àmì orí wọn pé. Mo jó yí àga po. Mo wá jókòó, mo fi ẹ̀mú irun ṣí wọn kúrò lára ìwé ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí abọ́, ojú tó ń lẹ̀ wà lókè, mo di èémí mú.

Ìyá Onílé wa ló ṣílẹ̀kùn láìkàn án. Wọ́n ní, "Tíṣà, kí ló ń ké gíríkí-gíríkí nínú ilé mi láti ọ̀sán?" Afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà pàdé ti fáànù mi, àwọn lẹ́tà mi sì gbéra nílẹ̀, wọ́n fò bí ẹ̀ẹ́rún. Ọ̀kan wọ inú ife tíì mi. Ọ̀kan gba fèrèsé jáde, ó ní ó dàbọ̀. Lẹ́tà Ẹ, èyí tó dáa jù nínú wọn, lẹ̀ mọ́ iwájú orí Ìyá Onílé, torí wọ́n ti làágùn díẹ̀. Wọn ò mọ̀. Wọ́n dúró bá mi wí nípa ariwo fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, góòlù ń dán lójú wọn, mo sì ń wò ó.

"Kí lò ń wò lórí mi?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ara yín ń dán ni."

Inú wọn dùn. Wọ́n rọra fa gèlè wọn gún, wọ́n sì gba ìpàdé àwọn ìyá lọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò kí mi.

Mo jókòó sílẹ̀, orí mi ń gbóná. Sátidé ti dé tán, n kò ní lẹ́tà kankan. Mo bá rí ìyókù sítíkà yẹn lórí tábìlì, ibi tí mo ti ṣí àwọn lẹ́tà kúrò, ihò wọn ṣì wà níbẹ̀ gbàgàdà. Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo lẹ ìyókù náà mọ́ iwájú lọ́rì, mo lọ bá káfíńtà tó wà lẹ́bàá ilé wa, ó fún mi ní ọ̀dà aláwọ̀ pupa tó kù lára èyí tí wọ́n fi kun géètì. Pupa nìkan ló ní. Mo fi ọ̀dà dí àwọn ihò náà, mo kùn ún nípọn kó lè hàn dáadáa, mo ṣí sítíkà kúrò. Inú B àti D àti P dí, mo fi orí abẹ́rẹ́ gbẹ́ wọn. Nígbà tí mo parí, mo fà sẹ́yìn wò ó. Ẹ BÁ MI DÚPẸ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó rẹwà.

Káfíńtà yẹn sọ fún mi o. Ó ní, "Tíṣà, ọjọ́ méjì lọ̀dà yẹn fi ń gbẹ, òjò yìí sì wà níbẹ̀." Mo ní kò séwu.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo fọwọ́ kan án, ó lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo ní yóò gbẹ lójú ọ̀nà. Mo gbé lọ́rì sínú páálí kéèkì tí mo jí ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, mo sì wọ búbá funfun báláú, nítorí ilé aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Ẹ wo ọgbọ́n mi.

Nínú tasí láti Ọjọ́ọ̀ sí Ìrókò, ìyá kan tó gbé agbọ̀n ata sí ẹsẹ̀ fi imú fa afẹ́fẹ́. Wọ́n ní, "Brọ̀dá, irú kéèkì wo ló ń rùn bí géètì yìí?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ṣí páálí díẹ̀ fún wọn, ìyá náà yọjú wò ó, wọ́n pariwo, "Háà! Lọ́rì onípákó! Irú èyí ló gbé mi lọ sílé ọkọ!" Wọ́n gbàdúrà fún mi títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Ara mi yá gágá. Mo ti ń rò pé mo ti yege.

Fúnmi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò dáa. Ó ní, "Dádì wà nínú yàrá pẹ̀lú àgbà ìjọ méjì, wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rí ẹ." Ó wo páálí ọwọ́ mi. "Kí lo gbé dání?"

"Wàá rí i."

"Jọ̀ọ́, má sọ fún mi pé mọ́tò ni."

Mo gbé páálí sẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! O ti pa mí lónìí."

Pálọ̀ ṣófo. Èrò mi ni pé màá gbé lọ́rì náà kalẹ̀ sí àárín kápẹ́ẹ̀tì, màá fà sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí Bàbá jáde, kí wọ́n kọ́kọ́ rí i, kí n tó wá dọ̀bálẹ̀ bí ọmọlúàbí. Mo gbé e kalẹ̀. Taya iwájú kan wọ́, mo bá tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo nawọ́ sí i kí n tún un ṣe. Ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí lórí lọ́rì náà ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá lókè orí mi gan-an: "Ìwọ nìyẹn?"

Ìyá mi ni kí ẹ dá lẹ́bi. Láti kékeré ni wọ́n ti fi pàṣán kọ́ mi pé bí àgbà bá ti yọ, kí àyà mi ti kan ilẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ kejì. Ara mi ò dúró bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ara, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo tí iyán ogún ọdún fún mi. Mo gbọ́ "kẹ̀rẹ́kẹ̀ẹ́" lábẹ́ àyà mi.

Ayé dúró. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá dìde, gbogbo wọn á mọ̀ ọ́n. Mo bá dúró síbẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," mo sọ ọ́ sínú kápẹ́ẹ̀tì.

"O kú àárọ̀. Dìde."

"Ẹ ṣé, sà." Mi ò dìde.

"Mo ní ó tó. Dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀ sí i, sà."

Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Háà, ẹ wo ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ta ló tún ń dọ̀bálẹ̀ pẹ́ báyìí láyé òde òní?" Ìkejì ní, "Àbí nǹkan ń ṣe é?" Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń gbọ́ tí ó ń fi eyín ka àdúrà.

Nígbà tí ó di pé dídọ̀bálẹ̀ mi ti ń di àìsàn, mo rọra dìde. Mo ká apá mọ́ àyà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, torí Bàbá ní kí n sọ ọwọ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dà pupa tó kọ̀ tí kò gbẹ ti fi ọ̀rọ̀ náà tẹ búbá mi láàárín àyà, gbogbo rẹ̀ kọjú sẹ́yìn.

Àgbà ìjọ àkọ́kọ́ fò sẹ́yìn, ó ṣí fìlà. Ó pariwo, "Halelúyà! Ẹ wo àyà rẹ̀! Àkọlé! Kì í ṣe èdè ayé yìí!" Ó ti ń wá ìwé kékeré nínú àpò rẹ̀ láti dà á kọ kó tó parẹ́.

"Ẹ sinmi," ni Bàbá wí. "Èdè ayé ni." Wọ́n súnmọ́ mi, wọ́n tẹ ojú mọ́ àyà mi. "Dírẹ́bà ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi ń ka ohun tó wà níwájú ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi nínú dígí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí." Wọ́n na ìka sí i, wọ́n ń kà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. "Ẹ... bá... mi..."

Wọn ò ka ìyókù. Ọwọ́ wọn dúró lójú kan. Wọ́n wo ilẹ̀ níbi tí mo ti dìde.

Ẹ̀rù tó bà mí lákòókò yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí irú rẹ̀ mọ́. Lọ́rì tí wọn ò lè gbàgbé nìyẹn, mo wá fi àyà fọ́ ọ níwájú wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ ni." Fúnmi ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n gbé lọ́rì náà. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ilẹ̀kùn kan sì rọ̀ dirodiro. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ní kí Fúnmi bá àwọn mú dígí ojú wá. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ojú sókè.

"Ta ló sọ fún ọ pé irin mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀?"

"Mo kà á nínú fọ́tò yẹn, sà."

"Báwo lo ṣe mọ bí taya ṣe tóbi tó?"

"Ẹ fẹsẹ̀ tì í nínú fọ́tò náà, sà. Fúnmi sọ nọ́ńbà bàtà yín fún mi, mo wá fi bàtà yín wọn gbogbo ìyókù."

Bàbá wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n tún wo lọ́rì. "Ọjọ́ mélòó lo fi ṣe é?"

"Ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀, sà."

Wọ́n fi àtàǹpàkò ti orí lọ́rì náà láti inú, wọ́n ń nà án bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti ṣe é rí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú títì. Agolo náà dún "pọ́!" ó sì dìde. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, n kò tíì rí eyín wọn rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọjú sí àwọn àgbà ìjọ, wọ́n ní, "Mo pe èyí lọ́mọdé. Ọmọdé wo ló máa jókòó ti nǹkan kan tó ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀, nítorí pé bàbá ẹlòmíràn fẹ́ràn rẹ̀?" Wọ́n bá kọjú sí mi. "Yẹ́lò ni ọ̀rọ̀ iwájú yẹn, kì í ṣe pupa."

"Ẹ má bínú, sà. Pupa ni káfíńtà ní."

"Mo ti gbọ́. Jókòó. Kí ẹbí rẹ máa bọ̀."

Mi ò lè ṣàlàyé bí ara ṣe tù mí tó. Mo fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́, àfi bí Bàbá ṣe gbé lọ́rì náà mọ́ àyà wọn kíá, tí wọ́n ní, "Rárá o! Dúró síbẹ̀! Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀!" Àwọn àgbà ìjọ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Fúnmi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń gbá mi lẹ́jìká pé àṣejù mi ti pọ̀ jù. Iṣu sísun àti epo ni ìyá rẹ̀ gbé jáde láti ilé ìdáná, mo sì jẹ ẹ́ tàyà pupa tàyà pupa láàárín aláṣọ funfun.

Bí mo ṣe dé Olódò, Àǹtí Bọ́lá ti jókòó dè mí pẹ̀lú ìyókù rọ́bà wọn lọ́wọ́. Mo sọ ohun gbogbo, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wo búbá mi, ẹ̀rín sì mú wọn débi pé wọn ò lè lù mí. Ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi jẹ mí níyà: èmi ni mo fi ọwọ́ gé gbogbo ewé àgbàdo tó wà lórí kéèkì ìkórè yẹn, títí ìka mi fi wú.

Lọ́rì náà wà ní pálọ̀ Bàbá di òní, lábẹ́ fọ́tò yẹn. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí n gbé e padà wá tún ṣe, kí n sì fi yẹ́lò kùn ún. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé lọ́rì gidi tàwọn náà ò pé ọdún kejì tí orí ẹ̀ fi tẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Mo kọ́ pé bí káfíńtà bá ní ọjọ́ méjì, ọjọ́ méjì ló ní lọ́kàn. Mo kọ́ pé kí n máa gbé ohun tí mo bá mú dání fún ẹlòmíràn kí n tó kí àgbà. Mo sì kọ́ pé ohun tí mo ń tijú rẹ̀ nípa ara mi ni Bàbá fi gbà mí, torí náà n kò ní kó mọ́tò mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láé.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ilé Bàbá kún. Àwọn ẹbí mi jókòó sí apá kan, ti Fúnmi sí apá kejì. Ó wá kan èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi láti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna. A tò, a ti tẹ orúnkún, Bàbá sì gbé ọwọ́ sókè pé ká dúró. Ẹbí mi ń wo ara wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń bèèrè lẹ́nu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé wọ́n ti yí ọkàn padà ni. Bàbá dìde, wọ́n wá síwájú mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, wọ́n fọwọ́ gbá kápẹ́ẹ̀tì níwájú mi láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n wo abẹ́ àga tó súnmọ́ mi, wọ́n sì padà lọ jókòó.

Wọ́n ní, "Ilẹ̀ mọ́. Ó lè dọ̀bálẹ̀ báyìí."